Ìyá Ìbejì, ìwọ kì í ṣe ọ̀lẹ

Lẹ́tà tó wọlé sí mi rèé, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Aránṣọ ni mí ní Ìbàdàn, ẹni ọdún 41. Ó ti lé lọ́dún kan tí oríkèé ọwọ́ mi méjèèjì ti ń wú, tó ń ro mí. Bí mo bá jí láàárọ̀, ìka mi á ti gan, mi ò ní lè de bọ́tìnnì aṣọ iléèwé àwọn ọmọ títí aago mẹ́sàn-án. Lóru, ìrora á jí mi ní aago méjì, oorun ò sì ní padà wá mọ́. Tó bá wá di ọ̀sán, màá máa tòògbé nídìí máṣíìnì. Lọ́jọ́ kan, abẹ́rẹ́ gún mi níka. Ọkọ mi ní mo ti ya ọ̀lẹ. Ìyá ọkọ mi ní àwọn kan ló ń lò mí lóru. Oògùn kan wà tí wọ́n ń pò fún mi ní kẹ́míìsì, mo máa ń lò ó lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ gan-an, àmọ́ ojú mi ti kún, ebi sì ń pa mí ṣáá. Kí ni kí n ṣe sí oorun tó ń sá lóru tó ń wá lọ́sàn-án? Èmi ni, Ìyá Ìbejì."

Ìyá Ìbejì, o kú ìfaradà, o sì kú iṣẹ́ ọmọ. Èmi kì í ṣe dókítà, ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti di tiwọn, màá sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ ni kí a kọ́kọ́ yanjú, torí mo rí i pé òun ló dùn ọ́ jù nínú lẹ́tà yìí, ju ọwọ́ tó ń ro ọ́ lọ.

Ọ̀lẹ kì í jí ní aago méjì òru kó máa wá ibi tí yóò gbé ọwọ́ sí. Ọ̀lẹ, iṣẹ́ ni kì í wù ú ṣe. Ìwọ, iṣẹ́ ń wù ọ́, ara ni kò gbà fún ọ. Àárẹ̀ tí o ń sọ yìí wà lára àìsàn náà gan-an. Oríkèé tó ń wú lọ́tùn-ún lósì, tó ń gan ju wákàtí kan lọ láàárọ̀, jọ irú làkúrègbé tí àwọn dókítà ń pè ní rheumatoid arthritis. Ó yàtọ̀ sí ti àwọn àgbàlagbà tí orúnkún wọn ti jẹ. Tiwọn sábà máa ń dùn wọ́n lẹ́yìn ìrìn, gígan àárọ̀ rẹ̀ kì í sì í sábà ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Nínú irú èyí tí mo fura sí, àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kó máa bá kòkòrò àrùn jà ti kọjú ìjà sí awọ tó bo inú oríkèé. Ogun yẹn kì í sinmi, gbogbo ara ló sì ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Bó ṣe máa ń rẹ ènìyàn nígbà tí ibà bá dá a dùbúlẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ìjà yìí ṣe ń rẹ ara rẹ lójoojúmọ́. Ìdí nìyẹn tí o fi lè sùn títí ilẹ̀ á fi mọ́ kó ṣì rẹ̀ ọ́. Ó ń mú obìnrin ju ọkùnrin lọ, kò sì dúró de ọjọ́ ogbó.

Àwọn nǹkan mìíràn tún ń gùn lé e. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tó ní àìsàn yìí kì í tó. Ìbànújẹ́ ọkàn náà ń gba okun lọ́wọ́ ènìyàn. Ìrora ń lé oorun lóru, àìsùn náà sì ń fi kún ìrora, torí ẹni tí kò sùn, ohun tí kì bá ta á díẹ̀ á ta á gan-an lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú tí a fi ń tu itọ́ funfun, Ìyá Ìbejì. Ọkọ rẹ ń rí ọ lórí ìjókòó, kò rí ohun tó ń lọ lábẹ́ awọ ara rẹ.

Ní ti ìyá ọkọ rẹ, má bá wọn jà. Bí wọ́n bá gbàdúrà fún ọ, ṣe àmín. Àmọ́ bí wọ́n bá ní kí o máa lọ sí ìṣọ́ òru lọ́jọ́ mẹ́ta léra wọn kí àwọn tó ń lò ọ́ lè tú ọ sílẹ̀, fi ọ̀wọ̀ sọ fún wọn pé dókítà ní kí o máa sùn. Ọlọ́run tó ń gbọ́ àdúrà òru náà ló ń gbọ́ ti ọ̀sán.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nínú lẹ́tà rẹ ni oògùn kẹ́míìsì yẹn. Mo mọ irú rẹ̀ dáadáa: ọ̀rá kékeré kan, hóró funfun méjì, pupa kan, òmíràn tó láwọ̀ ewé, kò sí orúkọ lára èyíkéyìí. Wọ́n á ní "oògùn eegun" ni. Oògùn tó bá mú ìrora fò lọ lójú ẹsẹ̀, tí ojú wá ń kún bí òṣùpá, tí ebi ń pa ènìyàn ṣáá, ó ṣeé ṣe kí prednisolone tàbí dexamethasone, irú oògùn tí wọ́n ń pè ní steroid, wà nínú rẹ̀. Àwọn agbo kan tí wọ́n ń tà kiri náà, wọ́n máa ń fi í sínú wọn láìsọ fún ẹni tó ń rà á. Àwọn oògùn yìí wúlò lọ́wọ́ dókítà. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú iṣẹ́ wọn ni pé wọ́n ń lé oorun, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé láàárọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ, ni wọ́n sábà máa ń ní kí ènìyàn lo prednisolone nílé ìwòsàn. Ìwọ ń lo tìrẹ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Wò ó, ó lè jẹ́ pé ohun tí o gbé mì kí o tó sùn wà lára ohun tó ń jí ọ ní aago méjì.

Bí ènìyàn bá ń lò ó lọ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, ó lè gbé ìfúnpá àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, ó lè sọ eegun di ẹlẹgẹ́. Síbẹ̀, gbọ́ èyí dáadáa: má ṣe já a lójijì. Bí ara bá ti mọ́ ọn lára fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ó lè dá irú steroid tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣe dúró, ẹni tó bá wá já a lọ́jọ́ kan lè dá kú. Dókítà ni yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Kó èyí tó kù nílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá rẹ̀, gbé e dání lọ. Má tijú, wọn ò ní bínú sí ọ. Láàárín àkókò yìí, má fi oògùn ìrora mìíràn kún un, nítorí ó ṣeé ṣe kí diclofenac tàbí ibuprofen, tí wọ́n jẹ́ oògùn ìrora, ti wà níbẹ̀, àpọ̀jù wọn sì ń dá egbò sí inú, ó ń ba kíndìnrín jẹ́. Bí ìgbẹ́ rẹ bá dúdú bí ọ̀dà, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Paracetamol pàápàá, hóró 8 oní-500mg ni kò gbọdọ̀ ju láàárín wákàtí 24, bẹ́ẹ̀ o ò mọ iye tó wà nínú ọ̀rá yẹn.

Ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ ọ ni kí o kọ́kọ́ lọ, kí wọ́n kọ̀wé fún ọ lọ sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìbàdàn. Dókítà tí o ń wá ni rheumatologist, ìyẹn dókítà tó ń wo àìsàn oríkèé. Wọn ò pọ̀ ní Nàìjíríà, nítorí náà ó lè gba sùúrù kí ó tó kàn ọ́. Sọ fún wọn pé ọwọ́ rẹ ń gan títí aago mẹ́sàn-án, sọ pé ọ̀tún àti òsì ni, má kàn ní "ara ń ro mí". Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ESR, CRP àti rheumatoid factor, kí wọ́n sì wo bí ẹ̀jẹ̀ rẹ ṣe tó. Bí ó bá jẹ́ òun lóòótọ́, oògùn tó ń pa iná àìsàn náà kì í ṣiṣẹ́ kíá bíi ti kẹ́míìsì, ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ 6 sí 12. Má sọ̀rètí nù láàárín. Bí wọ́n bá fún ọ ní methotrexate, tó jẹ́ ọ̀kan nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lò ó, kì í ṣe lójoojúmọ́. Àṣìṣe yẹn ti pa ènìyàn rí. Obìnrin tó lóyún tàbí tó ń wá oyún kò gbọdọ̀ lò ó.

Mi ò ní parọ́ fún ọ pé oògùn nìkan ni yóò kó gbogbo àárẹ̀ lọ. Nígbà tí wíwú bá rọlẹ̀, oorun àti okun sábà máa ń dára sí i, àmọ́ ó lè ṣẹ́ kù díẹ̀, ìyẹn ni a ó sì fi ọgbọ́n bá lò.

Ọgbọ́n àkọ́kọ́ wà nídìí máṣíìnì. Mo mọ bí ẹ̀yin aránṣọ ṣe ń ṣe bí Iléyá tàbí Kérésì bá ń bọ̀: aṣọ ẹbí kún ilẹ̀, ẹ ó ránṣọ mọ́jú, lẹ́yìn ọdún ẹ ó wá sùn gbalaja fún ọjọ́ mẹ́ta. Fún ẹni tí oríkèé ń dùn, àṣà yẹn lè fa ìkọlù mìíràn. Dín iye aṣọ tí o ń gbà kù, kí o sì pín èyí tó kù sí gbogbo ọ̀sẹ̀. Wákàtí tí ọwọ́ rẹ bá ti tú, bóyá láti aago mẹ́wàá sí ọ̀sán, ni kí o fi gé aṣọ kí o sì wọn ara oníbàárà. Jẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ṣẹ́tí, kí wọ́n máa lọ aṣọ, kí wọ́n máa bá ọ di bọ́tìnnì. Pọ́n sísọ́ọ̀sì rẹ dáadáa, torí sísọ́ọ̀sì tó kú ní ń gba agbára ìka. Bí o bá ti jókòó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, dìde, na ọwọ́, rìn dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, padà wá. Má dúró dìgbà tó bá rẹ̀ ọ́ tán kí o tó sinmi. Láàárọ̀, rọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú abọ́, ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́, kí o máa di ìkúùkù kí o máa tú u nínú omi náà.

Oorun ọ̀sán, sùn ún, àmọ́ má jẹ́ kó ju ìṣẹ́jú 30 lọ, má sì jẹ́ kó kọjá aago mẹ́ta, kó má baà jẹ oorun òru rẹ. Kí ọmọ iṣẹ́ kan máa jí ọ. O máa rò ó pé bí ara ṣe ń ro ọ́ yìí, ó yẹ kí o dùbúlẹ̀ ṣáá, ṣùgbọ́n ẹran ara tí a kò lò ń rọ ni, ẹni tó bá sì ń rìn díẹ̀ lójoojúmọ́ kì í tètè rẹ̀ tó ẹni tó kàn jókòó. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrìn ìṣẹ́jú 10 nírọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá ti rọ̀. Ọjọ́ tí oríkèé bá wú gan-an, jẹ́ kó sinmi.

Ní ti oorun òru, máa jí láàárọ̀ ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, bí òru ọjọ́ náà tilẹ̀ burú. Obì jíjẹ nírọ̀lẹ́ láti lè parí iṣẹ́, jọ̀ọ́, fi sílẹ̀. Ohun tó ń lé oorun wà nínú rẹ̀ bó ṣe wà nínú kọfí àti tíì, ó sì ń pẹ́ nínú ara. Fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ kí o tó sùn. Fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, fi ìrọ̀rí pẹlẹbẹ kan sáàárín orúnkún, gbé ọwọ́ tó ń ta ọ́ jù lé òmíràn níwájú àyà, má fi orí tẹ̀ ẹ́. Béèrè lọ́wọ́ àwọn físíò (physiotherapist) nílé ìwòsàn bóyá ohun ìdè ọrùn-ọwọ́ tí wọ́n ń fi sùn bá ọ mu. Bí o bá jí ní aago méjì tí oorun ò wá, má máa yí kiri, má gbé fóònù. Dìde lọ jókòó níbi tó ṣókùnkùn díẹ̀ títí oorun á fi tún kùn ọ́. Má sì lo Piriton tàbí Valium láti sùn. Piriton á mú kí o tún tòògbé sí i lọ́jọ́ kejì, Valium á sì mọ́ ọ lára. Bí ọkọ rẹ bá sọ pé o ń hanrun tí èémí rẹ sì ń dúró lójú oorun, sọ fún dókítà, àìsàn ọ̀tọ̀ nìyẹn tó ń fa oorun ọ̀sán.

Fún ọkọ rẹ, mi ò rò pé ìkà ni. Kò mọ̀ ni. Mú un dání lọ sí ilé ìwòsàn, kó gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà. Kí ẹ tó lọ, jẹ́ kó rí ọ ní aago mẹ́fà àárọ̀ bí o ṣe ń gbìyànjú láti ṣí ìdérí ìgò òróró. Kó di ọwọ́ rẹ mú, kó rí bó ṣe gbóná. Lẹ́yìn náà bẹ̀ ẹ́ fún ohun kan pàtó: kó máa wọ aṣọ fún àwọn ìbejì láàárọ̀, kó máa de bọ́tìnnì wọn. Bó ti kéré tó yẹn, yóò fún ọ ní ààyè kí ọwọ́ rẹ tú.

Bí ọkàn rẹ bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ọ pé kí o kúkú kú, má pa á mọ́ra. Sọ fún dókítà kan náà, tàbí ẹni tí o fọkàn tán nínú ilé, lọ́jọ́ tó bá ti wá sí ọ lọ́kàn.

Kọ̀wé sí mi nígbà tí o bá ti dé. Sọ ohun tí wọ́n rí nínú ọ̀rá oògùn yẹn fún mi, bí ẹ̀jẹ̀ rẹ ṣe tó, àti bóyá Bàbá Ìbejì bá ọ lọ.