Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Mi: Wáyà Tó Ń Gbé Orin Wọlé

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú jáde lóṣù yìí, wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀rọ orin sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dá lé. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń fa wáyà jẹun n'Ìbàdàn, n kì í sì í fi orin ṣeré, nítorí náà ìdáhùn àkọ́kọ́ á gùn díẹ̀.

Ìbéèrè: Ọ̀gá oníwáyà, ẹ kú iṣẹ́. Mo ti fẹ̀yìn tì, Bódìjà ni mò ń gbé. Ọmọ mi tó wà ní Houston ra streamer (ẹ̀rọ tó ń fa orin wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì) àti DAC (ẹ̀rọ tó ń sọ nọ́ńbà di ohùn) ránṣẹ́ sí mi kí n lè máa gbádùn orin àpàlà àti jùjú mi láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Router, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì kiri ilé, wà lókè, ẹ̀rọ orin wà ní pálọ̀ nísàlẹ̀, wáyà tí wọ́n fà gba inú ògiri tó mítà 18. Bí orin bá ń lọ lọ́wọ́, á kàn dákẹ́, á tún padà. Ọmọ mi ní òun fẹ́ fi wáyà kan ránṣẹ́, mítà kan ààbọ̀ péré, dọ́là 350. Ó ní wọ́n ya ọfà sára rẹ̀ láti fi ibi tí orin ń gbà lọ hàn, àti pé mo gbọ́dọ̀ lò ó fún 100 wákàtí kí ohùn rẹ̀ tó là. Ṣé kó fi ránṣẹ́?

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó fi ránṣẹ́. Bí owó náà bá ń yún un lápò, ẹ ní kó fi kún owó bátìrì inverter yín.

Orin tó ń gba inú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò rí bí èyí tó ń gba inú wáyà sípíkà. Nọ́ńbà ni, òdo àti oókan, wọ́n sì ti dì wọ́n ní ìdì kéékèèké bí ẹ̀kọ inú ewé. Ìdì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà àyẹ̀wò tirẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá gbà á á ṣírò rẹ̀. Bí kò bá dọ́gba, á dà á nù, wọ́n á sì tún fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí wáyà tó lè mú kí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ Haruna Ishola mọ́ lóhùn ju bí wọ́n ṣe gbà á sílẹ̀ lọ, tàbí kó mú kí agídìgbo rẹ̀ rinlẹ̀ sí i. Ìdì á dé pérépéré, tàbí kó má dé. Kò sí pé ó dé àmọ́ ohùn rẹ̀ há. Bí èyí tí kò dé bá wá pọ̀ jù, orin á dákẹ́, bó ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ yín yẹn gan-an.

Èyí tó dé pàápàá kì í bọ́ sí sípíkà lójú ẹsẹ̀. Inú streamer ní ibi ìpamọ́ kan, ẹ fojú wò ó bíi táǹkì omi tó wà lórí ilé. Ẹ̀rọ tó ń fa omi láti inú kànga lè tú u sí táǹkì gìrìgìrì, kó dáwọ́ dúró, kó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ṣí ẹ̀rọ omi nílé ìdáná kò ní mọ̀, nítorí omi ń dà bákan náà ni, àfi ọjọ́ tí táǹkì bá gbẹ. Aago tó ń ka orin jáde létòlétò, inú DAC ló wà. Ti 100 wákàtí yẹn, etí ló máa ń mọ́ra, wáyà kì í mọ́ra.

Ọfà ńkọ́? Àwọn nọ́ńbà ń lọ, wọ́n sì ń bọ̀ nínú wáyà yẹn lákòókò kan náà. Bí router bá ti fi ìdì ránṣẹ́ ni streamer ń dá a lóhùn pé òun ti rí i gbà. Ibo wá ni kí ọfà kọjú sí? Lọ́dún 2008, ilé iṣẹ́ Denon gbé irú rẹ̀ jáde, AK-DL1, mítà kan ààbọ̀, dọ́là 499, ọfà sì wà lára tiẹ̀ náà. Àwọn èèyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

Ẹ tún wo ìṣirò rẹ̀. Orin CD, láìfún un pọ̀ rárá, jẹ́ nọ́ńbà mílíọ̀nù 1.4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tí àwọn tó ń wá ohùn tó mọ́ ju ti CD lọ ń pariwo rẹ̀, 24-bit/192 kHz, jẹ́ mílíọ̀nù 9.2. Wáyà Cat5e lásán (Cat àti nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe ìpele wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì), bí wọ́n bá fà á dáadáa, ń gbé 1,000 mílíọ̀nù dé 100 mítà. Ẹni tó ń wá wáyà ńlá fún orin dà bí ẹni tó háyà tírélà láti gbé kóńgò gàrí kan.

Kí ló wá ń mú orin yín dákẹ́? Kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ gbé streamer lọ sókè, ẹ fi wáyà kékeré tó bá router wá so wọ́n pọ̀, kẹ́ ẹ gbọ́ orin fún wákàtí kan. Bó bá ṣì ń dákẹ́, íntánẹ́ẹ̀tì yín ló ń já, wáyà kò sì lè tún ìyẹn ṣe. Bí kò bá dákẹ́ mọ́, ẹjọ́ di ti wáyà inú ògiri, ohun méjì ni mo sì máa kọ́kọ́ fura sí.

Àkọ́kọ́ ni pé ó lè má jẹ́ bàbà. Èmi náà ti kó sí i rí. Mo ra páálí wáyà kan lọ́jà, mítà 305, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí i lára pé bàbà pọ́ńbélé ni. Ó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi bí mo ṣe gbé e, ara sì fu mí, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ dùn. Mo fi ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì kan. Kò pé oṣù mẹ́fà tí fọ́nrán rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kán lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí mo fi ọ̀bẹ ha ọ̀kan nínú wọn ni mo rí i: pupa lókè, funfun báláú nísàlẹ̀. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi bàbà bò lára bí ẹni kun ògiri. Owó ara mi ni mo fi tún gbogbo rẹ̀ fà. Ẹ ṣe irú àyẹ̀wò yẹn: ẹ gé etí wáyà náà, ẹ bó èèpo, ẹ ha fọ́nrán kan. Bàbà gidi pupa dénú. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn. Alumíníọ̀mù kì í pẹ́ kán.

Èkejì ni orí wáyà, ibẹ̀ sì ni mo ti máa ń bá ọ̀pọ̀ ẹjọ́ pàdé. Fọ́nrán mẹ́jọ ló wà nínú wáyà yẹn, wọ́n lọ́ wọn mọ́ra ní méjì-méjì, ìlọ́mọ́ra yẹn ló sì ń lé ariwo iná dànù. Ẹni tó ń de orí kò gbọ́dọ̀ tú u ju mílímítà 13 lọ. Àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń to àwọ̀ ní ìbejì-ìbejì: ọsàn méjì, ewé méjì, búlúù méjì, búráùn méjì. Ó dára lójú, àmọ́ ihò 3 àti ihò 6 ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú orí náà, ọmọ ìyá kan náà ló sì gbọ́dọ̀ wà nínú àwọn méjèèjì. Bí wọ́n bá tò ó bẹ́ẹ̀ yẹn, ọmọ ewé bọ́ sí 3, ọmọ búlúù bọ́ sí 6, wọn ò lọ́ mọ́ra wọn níbì kankan. Ẹ̀rọ ìdánwò olówó pọ́ọ́kú á tan iná mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ọmọ iṣẹ́ á gba owó, á lọ. Lórí mítà méjì, ó lè ṣiṣẹ́. Lórí mítà 18, ìdì á máa sọnù lọ́nà.

Orí wáyà mọ́ gaara bíi gíláàsì, nítorí náà ẹ lè kà á fúnra yín. Ẹ jẹ́ kí ìkọ́ rẹ̀ kọjú sílẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ kọ iwájú, kẹ́ ẹ wá ka àwọ̀ láti òsì: funfun-ọsàn, ọsàn, funfun-ewé, búlúù, funfun-búlúù, ewé, funfun-búráùn, búráùn. Bó bá yàtọ̀ sí èyí, ẹ wo orí kejì. Àwọn kan wà tó bá òfin mu tí wọ́n ti gbé ọsàn àti ewé sípò ara wọn. Èyí tí kò dára láéláé ni pé kí èyí tó wà ní ihò 3 àti èyí tó wà ní ihò 6 má jẹ́ ọmọ ìyá kan náà.

Bó bá di pé kẹ́ ẹ ra tuntun, ẹ ra Cat6 bàbà, UTP, èyí tí kò ní irin lórí. Kò sí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi Cat8 ṣe. Wọ́n ṣe ìyẹn fún àwọn ilé tí kọ̀ǹpútà tò sí rẹrẹ, àpapọ̀ rẹ̀ kò sì ju mítà 30 lọ.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni mo ti ń kọ̀wé. Mo ra Cat8 kan tó ní irin lórí, ó sì lẹ́wà. Láti ọjọ́ tí mo ti so ó mọ́ streamer mi ni sípíkà ti ń kùn hùn-ùn-ùn, pàápàá bí orin bá dákẹ́. Ọkọ mi ní etí mi ló ń dún.

Ìdáhùn: Etí yín ò ṣe nǹkan kan, ẹ bá mi kí ọkọ yín. Ẹ fi amplifier sílẹ̀ lórí iná, kẹ́ ẹ yọ wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn nìkan. Bí ìkùn bá dákẹ́, a ti mú olè.

Nínú ojú ihò nẹ́tíwọ́ọ̀kì, transformer kékeré kan wà tó ya iná inú ẹ̀rọ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì; iná 1,500 volt ni wọ́n fi ń dán an wò. Wáyà UTP kò fara kan nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n bébà irin tó wà nínú Cat8 yín ń gba orí méjèèjì so ara router tàbí switch (àpótí tó ń pín wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì) pọ̀ mọ́ ara streamer. Bí àwọn ẹ̀rọ náà bá ti ní earth tiwọn látinú plug, ọ̀nà ilẹ̀ ti di méjì, ó yí po bí òrùka, iná ilé á sì máa yí nínú rẹ̀ ní 50 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìkùn tẹ́ ẹ ń gbọ́ nìyẹn. Ibi kan ṣoṣo nìyí tí mo gbà pé wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè yí ohùn padà, wáyà UTP pọ́n-ùn mẹ́rin ló sì máa tún un ṣe.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ tú earth kúrò nínú plug amplifier, ẹ má gbọ́ tirẹ̀. Ìkùn á lọ lóòótọ́, àmọ́ ọjọ́ tí iná bá ṣèèṣì kan ara ẹ̀rọ, ọwọ́ yín ló máa gbà wọlẹ̀.

Ìbéèrè: Abẹ́òkúta. Mo fa wáyà láti ilé ńlá lọ sí BQ níbi tí mo ti ń gbọ́ orin, mítà 40, ó gba ìta kọjá. Ẹ̀ẹ̀mejì lòjò ọdún yìí ti jó ihò streamer mi. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ yọ bàbà kúrò níta. Kò dìgbà tí àrá bá sán lu ilé yín; bó bá sán ládùúgbò, wáyà gígùn yẹn á gba tiẹ̀ nínú rẹ̀, transformer 1,500 volt inú ojú ihò nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sì lè dá irú agbára bẹ́ẹ̀ dúró. Ẹ ra fibre tó ṣeé lò níta, àti media converter méjì (ẹ̀rọ tó ń sọ iná inú wáyà di ìmọ́lẹ̀, tó sì ń sọ ọ́ padà), ọ̀kan lápá kọ̀ọ̀kan. Gíláàsì ni fibre, ìmọ́lẹ̀ ló ń gbà á kọjá, Ṣàngó ò rí ibi dì mú lára rẹ̀. Kí irin má ṣe wà nínú èyí tẹ́ ẹ máa rà o, nítorí wọ́n máa ń fi okùn irin sí àwọn kan kó lè le. Iná ilé ṣì lè gbé wàhálà wọlé lójú ọ̀nà tirẹ̀, nítorí náà bí òjò bá ti ṣú, ẹ yọ plug.

Ẹ má ká fibre náà há jù bí ẹni ká okùn, kẹ́ ẹ sì dé orí rẹ̀ bí ẹ kò bá tíì so ó. Ẹ má fojú wo ẹnu rẹ̀ nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́. Ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ èyí tí ojú kò rí, ó sì lè ba ẹyinjú jẹ́.