Ọmọ mi ń ta gìtá báàsì, èwo nínú orin Fẹlá ni kó kọ́kọ́ gbọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. London là ń gbé. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 17, ló ń ta báàsì nínú bándì iléèwé wọn, tíṣà wọn wá ní kó lọ gbọ́ Fẹlá dáadáa. Ó bi mí, èmi náà ò mọ̀ ju Zombie àti Lady lọ, èyí tí dádì wa máa ń gbé sí i lọ́jọ́ Sunday. Mo wò ó lórí fóònù, álíbọ́ọ̀mù pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, orí mi dàrú. Ibo ni kó ti bẹ̀rẹ̀? Èwo ló dáa nínú èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú agbo? Ta ló sì tún orin ẹ̀ kọ tí ò bà á jẹ́? Èmi ni, Ìyá Oníbáàsì.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, Ìyá Oníbáàsì. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ta báàsì tí mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ n'Ibadan níbí, ibi tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣì í ni pé orí Zombie ni wọ́n máa ń gbé ọmọ lé tààrà. Zombie dáa, ta ló máa sọ pé kò dáa, àmọ́ eré ló ń sá, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ báàsì á kàn máa lé e kiri ni. Water No Get Enemy ni kẹ́ ẹ fún un. Inú Expensive Shit ti 1975 ló wà (ẹ má bínú sí orúkọ yẹn, àwọn ọlọ́pàá tó jókòó de ìgbẹ́ ẹ̀ kí wọ́n lè rí igbó níbẹ̀ ló fà á). Orin méjì péré ló wà nínú álíbọ́ọ̀mù náà, ojú kejì lẹ máa bá Water, ó gbà tó bí ìṣẹ́jú 11.

Kó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó má sì ṣe nǹkan míì lọ́wọ́. Àkọ́kọ́, báàsì nìkan ni kó máa tọ̀ lẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀kejì, kó wá gìtá kan táwọn tó ń kọ Afrobeat, irú orin tí Fẹlá ń kọ, ń pè ní tenor gìtá. Kì í ṣe báàsì o, kì í sì ṣe èyí tó ń ha kọ́ọ̀dù ṣáká ṣáká, ohùn kan náà ló ń ta ṣáá láti ìbẹ̀rẹ̀ títí orin fi parí, ohùn ẹ̀ ga díẹ̀ ju ti báàsì lọ, òun àti báàsì wá ń dá ara wọn lóhùn bí ọmọ ìyá méjì tó ń jiyàn. Ẹni tí ò bá gbọ́ ìyẹn ò tíì gbọ́ Afrobeat. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni kó tó gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù. Lẹ́yìn náà kó gbé gìtá ẹ̀, kó ta báàsì yẹn fún ìṣẹ́jú 11 láìfi nǹkan kan kún un. Ọ̀gá tó kọ́ mi, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ta á níwájú ẹ̀, mi ò tíì ta á tó ìṣẹ́jú méjì tí ọwọ́ ti ń yún mi, mo bá fi ẹ̀ṣọ́ díẹ̀ sí i, bàbá yẹn gbá mi lọ́wọ́ pá, ó ní ta ló rán ẹ níṣẹ́? Mo bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, ìka mi wú.

Tó bá ti yó Water, Afrodisiac ti 1973 ló kàn. Èyí, ó ṣeé ṣe kẹ́yin gan-an gbádùn ẹ̀ ju ọmọ lọ, torí Yorùbá ló fi kọ ọ́. Orin mẹ́rin ni: Alu Jon Jonki Jon, Jeun Ko Ku, Eko Ile, Je'nwi Temi. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ àkọ́kọ́ yẹn. Àlọ́ ni! Àlọ́ ajá tó gbé ìyá ẹ̀ pa mọ́ sọ́run nígbà ìyàn, tó ń kọrin kí ìyá ta okùn wálẹ̀ fún òun. Àìmọye ìyá àgbà ló ti da orin yẹn, táwọn ọmọ gbè é, kí Fẹlá tó gbé e wọ sítúdíò. Tọ́mọ bá wá bi yín pé ṣé ó dáa kéèyàn máa tún orin olórin kọ, ẹ sọ fún un pé Fẹlá gan-an gbà á lẹ́nu ìyá àgbà.

Ẹ ò ní gbà gbọ́ ibi tí álíbọ́ọ̀mù yẹn rìn dé o. Ó bọ́ sọ́wọ́ Brian Eno, òyìnbó kan tó ń bá bándì rọ́ọ̀kì Talking Heads ṣiṣẹ́ l'Amẹ́ríkà, ó fún olórin wọn David Byrne gbọ́, ó wọ̀ wọ́n lára, ìgbà tó di 1980 wọ́n ṣe álíbọ́ọ̀mù tiwọn, Remain in Light. Ní 1983, Angélique Kidjo, akọrin tó wá láti Benin, gbọ́ ọ̀kan nínú orin Remain in Light ní Paris, ó ní orin Áfíríkà nìyí, wọ́n ní rárá o, rọ́ọ̀kì ni. Ó dákẹ́. Ìgbà tó di 2018, ó gbé gbogbo Remain in Light látòkè délẹ̀, ó kọ ọ́ tán, Tony Allen tó jẹ́ onílù Fẹlá fúnra ẹ̀ sì wà nínú àwọn tó bá a lùlù. Nínú gbogbo kọ́fà, ìyẹn orin olórin téèyàn tún kọ, tí mo mọ̀, òun ni mo fi ṣíwájú. Gbèsè ló lọ gbà wálé yẹn.

Èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú agbo ńkọ́? Nǹkan kan wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa Fẹlá: tó bá ti gbé orin kan jáde lórí rẹ́kọ́ọ̀dù, ó ti tán lójú agbo nìyẹn, ẹ lè bẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, kò ní kọ ọ́. Èyí tí ẹnì kan ò tíì gbọ́ ló máa kọ fún yín. Ìdí nìyí tí Live in Detroit fi ṣe pàtàkì. Oṣù kọkànlá 1986 ni wọ́n gbà á sílẹ̀, ọdún yẹn náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀wọ̀n dé, 2012 ni wọ́n tó gbé e jáde. Orin mẹ́rin fún ohun tó lé ní wákàtí méjì! Mẹ́ta nínú ẹ̀, ìyẹn Just Like That, Confusion Break Bones àti Beasts of No Nation, kò tíì sí lórí rẹ́kọ́ọ̀dù kankan nígbà yẹn. Ohùn ẹ̀ ò mọ́ bíi ti sítúdíò, ó tiẹ̀ dà bíi pé èèyàn dúró lẹ́yìn gbọ̀ngán, àmọ́ ọmọ á gbọ́ bí báàsì ṣe ń dúró sójú kan nígbà táwọn yòókù ń ya kiri.

Tíyẹn bá gùn jù fún un, kó gbọ́ Live! ti 1971, tí Ginger Baker, onílù òyìnbó, bá wọn lùlù nínú ẹ̀. Sítúdíò Abbey Road ni wọ́n ti ṣe é, níbẹ̀ yẹn ní London lọ́dọ̀ yín, wọ́n kó èèyàn jọ sínú sítúdíò kí ó lè dà bí òde. Egbe Mi O ni kó gbọ́. Ẹ lè mú un gba iwájú ilé yẹn kọjá, kò náni ní kọ́bọ̀. Egypt 80, bándì Fẹlá, ṣì ń lọ káyé, Ṣeun ọmọ ẹ̀ ló ń darí ẹ̀, tí wọ́n bá dé tòsí yín, ẹ má wo owó tíkẹ́ẹ̀tì.

Àwọn tó tún orin Fẹlá kọ pọ̀, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ò ṣe nǹkan kan ju pé wọ́n gé e kúrú. Hugh Masekela, olórin South Africa, ṣe Lady ní 1985, ó dáa, ọkùnrin yẹn ti wá bá Fẹlá l'Ékòó rí. Ṣùgbọ́n ẹ bá ọmọ jókòó gbọ́ Lady o, torí ńṣe ló ń fi obìnrin tó láwọn ò rẹlẹ̀ sọ́kùnrin ṣe yẹ̀yẹ́, ọmọ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti tó jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin ló sì kọ ọ́, ẹ ò rí nǹkan! Water náà wà nínú álíbọ́ọ̀mù Red Hot + Riot ti 2002, D'Angelo, Macy Gray àti Fẹ́mi Kútì wà lára àwọn tó pawọ́ pọ̀ ṣe é. Kó má gbọ́ ìyẹn kó tó mọ ti Fẹlá lórí. Èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí máa dárúkọ fún un ni Ye ti Burna Boy, 2018, ìyẹn kàn bu díẹ̀ lára Sorrow Tears and Blood ni, kó gbọ́ ọ kó sì lọ wá orísun ẹ̀. Tó bá wá fẹ́ràn jazz, Tony Allen ṣe orin Art Blakey, onílù jazz ará Amẹ́ríkà, ní 2017, Moanin' wà níbẹ̀, ẹ gbọ́ bó ṣe fi ẹsẹ̀ ìlù Afrobeat gbé e rìn.

Nǹkan méjì tí mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé. Ẹ yẹ gígùn orin wò kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, àwọn àkójọ kan máa ń gé e, tẹ́ ẹ bá rí Lady tí ò tó ìṣẹ́jú 13, wọ́n ti gé e nìyẹn. Ìkejì, kó má fi ẹnu fóònù gbọ́ ọ rárá. Okùn tó nípọn jù lára báàsì ń gbọ̀n ní nǹkan bí 41 Hz, ìyẹn ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, sípíkà fóònù ò lè gbé e, gìtá àti fèrè nìkan lá máa gbọ́ táá sì rò pé báàsì ò ṣe nǹkan kan. Ìgbọ́rọ̀ etí tó bo etí pátá ni kẹ́ ẹ rà fún un, kò dìgbà tó bá wọ́n.