Orin ń fà, ẹ̀rọ ń hùn: kí ni kí n kọ́kọ́ rà?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjàpọ̀ ní Akúrẹ́ níbí ni mo ń gbé, mo sì ti fẹ̀yìn tì. Bàbá mi fi àwo orin tó pọ̀ sílẹ̀ fún mi, jùjú àti hailáìfù ló pọ̀ jù nínú wọn. Mo fẹ́ fi owó gidi to ẹ̀rọ orin alááwo tó dáa sínú pálọ̀ mi. Ọmọ mi obìnrin ti fi tọ́ntébù ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. Mo ra tiransifọ́mà tó ń sọ iná wa di 110, tọ́ntébù náà ń yí, àmọ́ orin ń fà, ohùn olórin wá wúwo bíi ti ẹni tí oorun ń kùn. Ó tún ń hùn ṣáá. Àwọn tó ń tajà ní kí n kọ́kọ́ ra ampilifáyà àti sípíkà ńláńlá, pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn

Ẹ kú ìsinmi, bàbá. Ẹ má tíì ra ampilifáyà, ẹ má sì tíì ra sípíkà kankan. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò sí nǹkan kan tó ṣe tọ́ntébù tí ọmọ yín fi ránṣẹ́, iná wa ni kò bá a mu. Iná yẹn ni kí owó yín kọ́kọ́ lọ sí, kó tó kan ibi tí abẹ́rẹ́ ti ń pàdé àwo, kó tó wá kan pálọ̀ fúnra rẹ̀. Mo mọ̀ pé òdìkejì èyí ni wọ́n ń sọ fún yín lọ́jà, torí sípíkà ńlá ló ń wu ojú. Àmọ́ ohun tí abẹ́rẹ́ kò bá rí kó jáde nínú àwo, kò sí ampilifáyà tó lè dá a padà. Bó bá sì jẹ́ pé àbùkù ló kó jáde, ńṣe ni ampilifáyà ńlá máa gbé àbùkù náà pariwo.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti orin tó ń fà. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ 120 volt àti 60 Hz (Hz ni iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), tiwa jẹ́ 230 volt àti 50 Hz. Tiransifọ́mà ń mú volt wálẹ̀, ibẹ̀ niṣẹ́ rẹ̀ mọ. Kò lè fọwọ́ kan Hz. Ọ̀pọ̀ tọ́ntébù oníbẹ́líìtì sì wà tó jẹ́ pé Hz yìí gan-an ni mọ́tọ̀ inú rẹ̀ ń tẹ̀ lé. Bí 60 bá di 50, eré mọ́tọ̀ á dín kù ní ìdá kan nínú mẹ́fà. Àwo LP tó yẹ kó yí nígbà 33⅓ láàárín ìṣẹ́jú kan á wá máa yí nígbà tí kò tó 28. Ojú kan àwo jùjú tó yẹ kó parí ní ogún ìṣẹ́jú á gba ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún. Ìyẹn ló sọ ohùn olórin di ti olóorun.

Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín lónìí láìná kọ́bọ̀. Ẹ gé bébà pélébé kan, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí ibi tí àwo ń jókòó lé kó yọ síta díẹ̀. Ẹ gbé àwo tí kò fi bẹ́ẹ̀ jọ yín lójú lé e, kí ẹ sì sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀ bí ìgbà tí orin ń lọ. Bí bébà yẹn bá kọjá iwájú yín, ẹ tẹ aago orí fóònù, kí ẹ máa kà á bó ṣe ń kọjá. Ìgbà ọgọ́rùn-ún gbọ́dọ̀ pé ní ìṣẹ́jú mẹ́ta géérégé. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìndínlógójì ló gbà, ọ̀rọ̀ Hz ni, kò sí àní-àní. Bó bá jẹ́ pé iye tí ẹ ń rí ń yàtọ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá kà á, ẹ fura sí bẹ́líìtì tó ti nà.

Ẹ wá yí ẹ̀yìn tọ́ntébù náà wò. Bó bá ní adápítọ̀ tó ń wọ ògiri, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síwájú "output" lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ DC, ìyẹn iná tí kì í lọ kó máa bọ̀, Hz kò kàn án. Ẹ ra adápítọ̀ 230 volt tí output rẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu, kí ẹ sì wá ihò kékeré tí wọ́n ti ń fi ìsíkúrúù yí eré rẹ̀, abẹ́ tàbí ẹ̀yìn ló sábà máa ń wà. Bó bá jẹ́ AC, tàbí tí wáyà iná wọ inú rẹ̀ tààrà, ọ̀nà mélòó kan ló wà. Àwọn iléeṣẹ́ kan ń ta púlì (kẹ̀kẹ́ kékeré orí mọ́tọ̀ tí bẹ́líìtì yí ká) fún 50 Hz, èyí tó fi ìdá kan nínú márùn-ún tóbi ju ti 60 Hz lọ, kí bẹ́líìtì lè rìn bó ṣe yẹ. Bí ọmọ yín bá lè rí i fi ránṣẹ́, ó tán. Ọ̀nà tí èmi fúnra mi fẹ́ràn jù ni inverter kékeré tó jẹ́ ti 110 volt àti 60 Hz, tí bátìrì kan ṣoṣo ń gbé. Iná tí tọ́ntébù ń jẹ kò tó nǹkan, bátìrì yẹn á pẹ́. Kí ó ṣáà jẹ́ èyí tí wọ́n kọ "pure sine wave" sí. Èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ kí mọ́tọ̀ hùn, ìhùn yẹn á sì gba ara abẹ́rẹ́ wọ inú orin.

Àǹfààní mìíràn tún wà nínú inverter yìí tó kan gbogbo wa ní Akúrẹ́, àti ẹni tí tọ́ntébù tirẹ̀ jẹ́ 230 volt (inverter tirẹ̀ ní láti jẹ́ 230 volt àti 50 Hz). Bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ tí ẹ tan jẹnẹrétọ̀ kékeré, Hz rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Bí fíríìjì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, ẹ́ńjìnnì á mí gúlẹ̀, olórin náà á sì sọ ohùn kalẹ̀ láàárín gbólóhùn. Ẹni tí etí rẹ̀ mọ gìtá dáadáa kò lè fara dà á. Tọ́ntébù tí kì í lo bẹ́líìtì, tó sì ní quartz tó ń ṣọ́ eré rẹ̀, bíi Technics SL-1200 láti orí ẹ̀yà MK2 tó jáde ní 1979, bọ́ lọ́wọ́ wàhálà yìí. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ti ọmọ yín lọ́jọ́ iwájú, òun ni màá ní kí ẹ wá. Kí ẹ ṣáà wo volt tí wọ́n kọ sí i, torí 100 volt ni àwọn tí wọ́n ṣe fún ọjà Japan.

Ti ìhùn wá kù. Ohun tí kátíríìjì tó wọ́pọ̀ (orí kékeré tó gbé abẹ́rẹ́ dání) ń mú jáde kéré gan-an, nǹkan bíi ìdá márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún volt kan. Ti ẹ̀rọ CD tó volt méjì. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ sọ èyí tó kéré yẹn di ńlá lọ́nà ọgọ́rọ̀ọ̀rún, bí ìhùn díẹ̀ bá sì ti bá a wọlé, òun náà á di ńlá. Lẹ́yìn tọ́ntébù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà orin méjèèjì, ẹ máa rí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹnu rẹ̀ là sí méjì. Ẹ so ó mọ́ ìsíkúrúù tí wọ́n kọ GND sí lẹ́yìn ampilifáyà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìhùn á dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá dákẹ́, ẹ gbé tiransifọ́mà yẹn jìnnà sí tọ́ntébù, ó tó mítà kan ó kéré tán, kí ẹ sì ní kí oníná yẹ áàtì ilé yín (wáyà tó ń gbé iná tó ṣìnà wọlẹ̀) wò. Ọ̀pọ̀ ilé ni ihò áàtì wà lára ògiri wọn tí kò sí irin kankan nínú ilẹ̀.

Ẹ tún wò ó bóyá ihò AUX (ti ẹ̀rọ bíi CD) lẹ ki wáyà bọ̀. Láti ọdún 1954 ni àwọn tó ń ṣe àwo ti fẹnu kò sórí ìlànà RIAA: wọ́n ń dín ohùn ìsàlẹ̀ kù nígbà tí wọ́n bá ń gé àwo, wọ́n sì ń fi kún ti òkè. Ihò tí wọ́n kọ PHONO sí ló ń dá gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà. Bí ampilifáyà kò bá ní ihò yìí, ẹ máa nílò àpótí phono lọ́tọ̀. Owó tí ẹ bá ná lórí àpótí yìí kò ní ṣòfò.

Ó wá kan abẹ́rẹ́, ibí yìí sì ni mo ti fẹ́ kí ẹ ní sùúrù jù. Láyé àtijọ́, bí àwo bá ń fò, owó ẹyọ ni wọ́n máa ń gbé lé orí apá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Owó ẹyọ kan lè sọ ẹrù abẹ́rẹ́ di ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tó bá sì fá kúrò nínú àwo bàbá yín kò ní padà wá mọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé: ẹ yí ìwọ̀n tó wà nídìí apá títí apá fi máa léfòó, tí kò sọ̀ kalẹ̀ tí kò sì gòkè. Ẹ mú òrùka onínọ́ńbà tó wà níwájú ìwọ̀n náà nìkan, ẹ yí i sí 0. Lẹ́yìn náà, ẹ yí ìwọ̀n àti òrùka pa pọ̀ dé iye gíráàmù tí ẹni tó ṣe kátíríìjì kọ. Ti Ortofon 2M Red jẹ́ 1.8, ti Audio-Technica AT-VM95E jẹ́ 2. Ẹ gbé ìdènà-ìfà (anti-skate, ohun tí kì í jẹ́ kí apá fà sí àárín àwo) tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá sí iye kan náà. Ẹ má ṣe rò pé kó fúyẹ́ ju iye yẹn lọ ló máa dáàbò bo àwo o. Abẹ́rẹ́ tó fúyẹ́ jù ń ta kíjikìji nínú ojú ìlà, ó sì ń ha á.

Ẹ tún tẹ̀ bébà tí wọ́n fi ń to kátíríìjì jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wọn ìlà tí wọ́n fà sí i fún ìwọ̀n wò kí ẹ tó lò ó. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí fún olùfẹ́ jùjú ni pé ọ̀pọ̀ àwo jùjú kì í dánu dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ ojú kan dé òpin rẹ̀. Ní etí àwo, nǹkan bí àádọ́ta sẹ̀ǹtímítà ojú ìlà ló ń kọjá lábẹ́ abẹ́rẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítòsí lébẹ́ẹ̀lì, kò ju bí ogún lọ. Orin ti há mọ́ra níbẹ̀, kátíríìjì tó bá wọ́ díẹ̀ á sì jẹ́ kí ohùn máa ya. Ibẹ̀ gan-an sì ni ìlù sábà máa ń gbóná, tí dùndún ń sọ̀rọ̀ tí gìtá ń dáhùn. Abẹ́rẹ́ tó dáa, tí wọ́n gé ẹnu rẹ̀ tínrín, ló ń yọ orin ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Owó tí ẹ ní lọ́kàn fún sípíkà ńlá, ẹ mú díẹ̀ nínú rẹ̀ wá síbí.

Ibi tí tọ́ntébù máa jókòó kò le fún wa níbí. Sìmẹ́ǹtì ni ilẹ̀ ilé wa, kì í fò bíi ti onípákó. Ẹ lọ bá àwọn tó ń gé òkúta giránáítì fún ilé ìdáná, ẹ ní kí wọ́n gé èyí tó ṣẹ́ kù lára iṣẹ́ wọn fún yín. Ẹ fi rọ́bà mẹ́rin sábẹ́ rẹ̀ lórí tábìlì tó le, kí ẹ sì fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì bíríkìlà wò ó kó dọ́gba. Ẹ má gbé e sórí àpótí kan náà pẹ̀lú sípíkà láé.

Ní ti pálọ̀, ẹ dúró sí àárín rẹ̀, ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ẹ bá gbọ́ tó ń dún tẹ̀ lé e, táìlì àti ògiri òfìfo ló ń da ohùn padà. Kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn láàárín àga yín àti sípíkà, kọ́tìnnì tó wúwo, àti àpótí ìwé lára ògiri ẹ̀yìn máa ṣe yín láǹfààní ju ìlọ́po agbára ampilifáyà lọ. Sípíkà méjèèjì àti àga yín, kí wọ́n ṣe igun mẹ́ta tó dọ́gba, kí sípíkà sì kúrò lára ògiri díẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo èyí lẹ lè wá ra ampilifáyà. Fún pálọ̀ ilé, agbára tó mọ níwọ̀n tó. Bí ẹ bá nífẹ̀ẹ́ sí onífáàfù (èyí tó ń fi gílóòbù bíi ti rédíò àtijọ́ ṣiṣẹ́), orin ohùn ènìyàn dùn nínú rẹ̀ gan-an, àmọ́ kò fẹ́ iná tó ń lọ sókè sódò, ẹ gbọ́dọ̀ fi stabilizer gidi sí i. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n tú u: iná tó ju 300 volt lọ lè wà nínú rẹ̀, ó sì lè pa ènìyàn lẹ́yìn tí wọ́n ti pa á.

Ní ti àwo yín, ẹ to wọ́n dúró lóòró níbi tí oòrùn kò dé, ẹ má to wọ́n lé ara wọn. Lásìkò ọyẹ́ wọ́n máa ń fa eruku mọ́ra, ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì carbon fibre gbá wọn kí abẹ́rẹ́ tó kàn wọ́n. Èyí tí ọ̀rinrin òjò ti mú kó bu, ẹ fi omi distilled àti ọṣẹ ìfọwọ́ṣọ olómi ẹ̀kán kan fọ̀ ọ́ yípo bí ìlà rẹ̀ ṣe lọ, kí ẹ tún fi omi náà ṣan án. Ilé oògùn ni kí ẹ ti ra omi yẹn. Ẹ má ra ti àwọn tó ń ṣe bátìrì létí títì, ásíìdì lè wà nínú rẹ̀. Bí àwo hailáìfù ayé àtijọ́ tó wúwo, tí wọ́n kọ 78 sí, bá wà nínú wọn, ẹ yà á sọ́tọ̀. Ọtí ìfọǹkan, irú spirit tí wọ́n ń fi pa ojú egbò, á yọ́ ọ. Abẹ́rẹ́ LP kò sì tóbi tó ìlà rẹ̀, ẹ máa nílò abẹ́rẹ́ 78 lọ́tọ̀ kí ẹ tó lè gbọ́ ọ.