Láti Ọ̀yọ́, òkè onígbó wo ló wà nítòsí téèyàn lè fẹsẹ̀ gùn?

Adó-Àwáyè ni kẹ́ ẹ lọ o. Ẹ wọ mọ́tò dé Ìsẹ́yìn, ẹ wá wọ òmíì tàbí ọ̀kadà dé ìdí òkè. Wọ́n ní àtẹ̀gùn ẹ̀ jẹ́ 369, èmi ò kà á tán ṣá, orúnkún mi ti ń gbọ̀n kí n tó dé ìdajì. Tẹ́ ẹ bá ti gùn ún tán, igbó àti àpáta ló kù, ẹ ó rí Ìṣagè, òkúta ńlá tó dà bíi pé ó fẹ́ já bọ́, kẹ́ ẹ tó dé adágún omi Ìyakẹ̀ lókè pátápátá. Ẹ má wọ sílípáàsì o, kẹ́ ẹ sì mú ọmọ ìlú kan tó mọ̀nà dání. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ, tọ́sàn-án bá pọ́n àpáta yẹn á gbóná bí ààrò.