Ọ̀rẹ́ mi ló ra àwìn, èmi ni wọ́n ń sin lówó

Abala ìbéèrè àti ìdáhùn lórí òfin òwò, láti ọwọ́ agbẹjọ́rò wa ní Adó-Èkìtì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, lọ́yà wa. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ bẹ̀rẹ̀ òwò ìrẹsì Ìgbẹ́mọ. Mo kó 400,000 náírà sílẹ̀, òun kó 150,000, ṣùgbọ́n òun ló ń lọ sóko, èmi ni mò ń jókòó ti ṣọ́ọ̀bù ní Ọjà Ọba. Bí a bá tajà tán, a ó yọ owó ọjà, a ó pín èrè sí méjì. A ò kọ ìwé kankan. Ilé ìwé kan náà la jọ lọ, kí la fẹ́ máa kọ̀wé sí? Lóṣù tó kọjá ó lọ gba àpò 15 láwìn lọ́wọ́ bàbá àgbẹ̀ kan tí a ti máa ń rajà lọ́wọ́ wọn, 900,000 náírà, ó ní ti ṣọ́ọ̀bù wa ni. Ìrẹsì náà ò dé ọ̀dọ̀ mi. Ọ̀rẹ́ mi ti lọ sí Àkúrẹ́, kò gbé fóònù mọ́. Bàbá yẹn ti wá bá mi lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé èmi ni mo jẹ wọ́n ni? *(Oníṣòwò ìrẹsì, Adó-Èkìtì)*

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìdààmú. Pẹ̀lú ohun tí ẹ kọ yìí, ẹ jẹ bàbá náà lówó. Mo mọ̀ pé ó máa dùn yín, àmọ́ ó sàn kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi ju kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu adájọ́.

Ẹ ní ẹ ò kọ ìwé. Òfin kì í bèèrè ìwé kó tó pe ènìyàn méjì ní alájọṣòwò. Ohun tó ń wò ni bóyá wọ́n jọ ń ṣòwò nítorí èrè. Ẹ jọ kówó sílẹ̀, ẹ jọ ń pín èrè, ṣọ́ọ̀bù kan náà lẹ ń kó ọjà sí. Ìyẹn ti tó. Ìlànà yìí wà nínú òfin àjọṣòwò tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1890, òun náà sì ni ìpìlẹ̀ òfin tí àwọn ìpínlẹ̀ wa níhìn-ín jogún láti ayé ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà àtijọ́.

Nínú irú àjọṣe bẹ́ẹ̀, aṣojú ara yín lẹ jẹ́. Bí ọ̀kan bá ra ohun tó bá òwò yín mu, ní orúkọ òwò yín, ó ti rà á mọ́ ẹnì kejì lọ́rùn. Oníṣòwò ìrẹsì lọ ra ìrẹsì lóko, lọ́wọ́ ẹni tó ti ń tà fún un tẹ́lẹ̀: kí ni ì bá fu bàbá náà lára? Ká ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ló lọ rà, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Ì bá tún yàtọ̀ ká ní ẹ ti kìlọ̀ fún bàbá náà pé ẹ ò fẹ́ kí wọ́n fún ọ̀rẹ́ yín láwìn mọ́. Ẹ jókòó, kí ẹ rò ó dáadáa bóyá ẹ ti sọ irú rẹ̀ rí. Bí ẹ bá ti sọ ọ́, tí ẹnìkan gbọ́, ẹ mú ẹni náà dání lọ bá lọ́yà kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kankan.

Pé ìrẹsì náà ò dé ṣọ́ọ̀bù, ẹjọ́ ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín nìyẹn. Ẹ sì ní ẹjọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ ṣe ń pín èrè ni òfin máa ń gbà pé ẹ ó pín àdánù, nítorí náà ìdajì gbèsè tí òwò yín bá jẹ ni tirẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ó ti ta àpò 15 yẹn, tó kó owó rẹ̀ sápò ara rẹ̀, kì í ṣe ìdajì lẹ ó bèèrè. Alájọṣòwò kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ọjà àjọ jẹ èrè ìkọ̀kọ̀. Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kó sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, tí ẹ ń kówó sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, ẹ gbọ́ èyí náà. Bí kò bá sí àdéhùn, dọ́gba-dọ́gba lòfin ń pín èrè, kò wo ẹni tó kówó jù sílẹ̀. Ní ọ́fíìsì mi ní Ajílósùn, mo ti rí àwọn tó kó owó gíràtúítì wọn sínú òwò ọmọ ìyá wọn, tí ẹnì kejì kó ọgbọ́n orí nìkan wá, tí ìwé kankan ò sí. Ọkàn mi máa ń bàjẹ́ bí mo bá ń ṣàlàyé òfin yìí fún wọn, torí ojú ìwé kan péré ni ì bá gbà wọ́n.

Ohun tí ẹ ó ṣe lọ́sẹ̀ yìí: ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ yín pé àjọṣe ti parí. Nígbà tí ẹ ò ti dá ìgbà tí yóò parí, ẹnikẹ́ni nínú yín lè fòpin sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá gbogbo àgbẹ̀ tí ẹ ti ń rajà lọ́wọ́ wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sọ fún wọn. Fífi í sí WhatsApp nìkan ò tó. Ẹni tó ti bá yín dòwò pọ̀ rí, tí kò gbọ́ pé ẹ ti túká, ó ṣì lè fún ọ̀rẹ́ yín láwìn lónìí kó sì wá sin yín lọ́la. Ẹ wá bẹ bàbá náà pé kí wọ́n gbà á díẹ̀díẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú iye àti ọjọ́, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní ká ní wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, ni, gbogbo èyí kì bá ṣẹlẹ̀. Ó kù díẹ̀ káàtó. Orúkọ òwò lásán, èyí tí ọ̀pọ̀ wa fi sínú férémù tí a gbé kọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, kò dá gbèsè dúró. Ẹ gbọ́dọ̀ gbà á bí ẹ bá ń lo orúkọ tó yàtọ̀ sí tiyín, báńkì á sì bèèrè rẹ̀, àmọ́ ẹ̀yin àti òwò náà ṣì jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo lójú òfin. Kọ́ńpìnnì ló yàtọ̀. Ní 1897, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹjọ́ Aron Salomon, oníṣòwò bàtà kan. Ó ti sọ òwò rẹ̀ di kọ́ńpìnnì, gbogbo agbára sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí gbèsè wọ kọ́ńpìnnì náà, ilé ẹjọ́ ní gbèsè kọ́ńpìnnì kì í ṣe gbèsè Salomon. Orí ìdájọ́ yẹn la ṣì wà. Látìgbà tí òfin kọ́ńpìnnì ti 2020, tí wọ́n ń pè ní CAMA, ti dé, ẹnìkan ṣoṣo lè dá kọ́ńpìnnì aládàáni sílẹ̀, bí owó ìpín (ṣíà) rẹ̀ bá ti pé 100,000 náírà. Ẹ ṣọ́ra kẹ̀: bí báńkì bá ní kí ẹ fọwọ́ sí ìwé onídùúró, pé ẹ̀yin fúnra yín á san gbèsè kọ́ńpìnnì, tí ẹ sì fọwọ́ sí i, ẹ ti fọwọ́ ara yín ṣílẹ̀kùn fún gbèsè náà padà.

Ìbéèrè: Símẹ́ǹtì ni mò ń tà ní Ìkéré. Kọ́ńtírákítọ̀ kan jẹ mí ní 450,000 náírà láti oṣù kẹjọ. Mọ̀lẹ́bí wa kan tó jẹ́ ọlọ́pàá ní kí n mú ẹjọ́ wá, àwọn á tì í mọ́lé títí á fi sanwó. Ṣé kí n lọ? *(Olóṣìmẹ́ǹtì, Ìkéré-Èkìtì)*

Ìdáhùn: Ẹ má lọ rárá, bàbá. Abala 32 nínú òfin ọlọ́pàá ti 2020 sọ ọ́ kedere pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn torí pé ó yẹ àdéhùn òwò nìkan. Àwọn ilé ẹjọ́ wa ti tẹnu mọ́ ọn títí pé ọlọ́pàá kì í ṣe agbowó fún olówó. Bí wọ́n bá tì í mọ́lé, ó lè pe ẹ̀yin àti wọn lẹ́jọ́ lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, kó sì jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ó máa sanwó fún ẹni tó jẹ yín.

Ibi tí ọlọ́pàá lè wọ̀ ọ́ ni bó bá fi ẹ̀tàn gba ọjà láti ìbẹ̀rẹ̀, tàbí bó bá fún yín ní sọ̀wédowó tí báńkì dá padà torí pé owó ò sí níbẹ̀, tí ẹ sì gbé e lọ sí báńkì láàárín oṣù mẹ́ta sí ọjọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Òfin 1977 ló sọ ti sọ̀wédowó yìí di ọ̀ràn, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ló sì wà nídìí rẹ̀.

Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, lẹ́tà lọ́yà ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn rẹ̀ ilé ẹjọ́ Májísíréètì. Ẹ kó ìwé tí fóománì rẹ̀ fọwọ́ sí nígbà tó ń gba símẹ́ǹtì jọ, àti áláàtì owó tó ti san. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ WhatsApp tó ti ń bẹ̀ yín rẹ́. Òfin ẹ̀rí ti 2011 gbà á lábẹ́ abala 84, bí lọ́yà yín bá tẹ̀lé ìlànà rẹ̀.

Ìbéèrè: Mo ra fírísà kan. Mo sọ fún ọlọ́jà pé omi dídì ni mo fẹ́ máa tà, ó ní fírísà yìí á dì í lóru kan. Ọjọ́ mẹ́ta, kò dì. Ó nawọ́ sí àkọlé: “Ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà.” *(Ọ̀yẹ́-Èkìtì)*

Ìdáhùn: Àkọlé yẹn ò lágbára lórí yín. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti 2018, sọ pé bí ẹ bá ti sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ọjà ṣe fún ọlọ́jà, tí ọjà kò sì lè ṣe é, ẹ lè dá a padà láìpẹ́, kí ẹ gba gbogbo owó yín. (Bó bá jẹ́ pé àwọ̀ rẹ̀ ni kò wù yín mọ́ ni, ẹ ò ní ẹjọ́ kankan níbẹ̀.) Ẹ gbé rìsíìtì dání, ẹ fún un ní lẹ́tà tó ní déètì pé ẹ ti dá fírísà padà, kí ẹ sì yọ wáyà rẹ̀ lára iná lónìí, torí bí ẹ bá ṣì ń lò ó, á ní ẹ ti gbà á. Bó bá kọ̀, ẹ kọ̀wé sí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, kí ẹ fi ẹ̀dà lẹ́tà yẹn sí i.