Kí là ń sanwó fún ní Brooklyn Heights?

Ìbéèrè: Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ ra ilé ní New York. Brooklyn Heights ló wù ú, àmọ́ owó ilé àtijọ́ kan níbẹ̀ á ra ilé tuntun tó fẹ̀ jù ú lọ níbòmíràn. Kí gan-an là ń sanwó fún?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun. Ẹwà ilé ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń rí: òkúta aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní brownstone, àtẹ̀gùn gíga níwájú ilé, igi tó ṣíji bo òpópónà. Ó tún sún mọ́ ibi iṣẹ́. Tí ọkọ̀ ojú irin bá ti kúrò ní ibùdókọ̀ Clark Street, Manhattan tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ wà ló kàn. Láti 1814, tí ọkọ̀ ojú omi Robert Fulton ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èèyàn sọdá odò lọ sí Manhattan, làwọn oníṣòwò ti ń wá ilé síbẹ̀.

Lójú tèmi, òfin lẹ ń sanwó fún jù. Ní 1965, Brooklyn Heights ni àdúgbò àkọ́kọ́ tí ìlú New York fòfin dáàbò bò lódindi nítorí ìtàn rẹ̀. Aládùúgbò yín ò lè ṣàdédé wó ilé rẹ̀, kó kọ́ ilé alájà ogójì tó máa dí oòrùn mọ́ yín. Irú ilé yìí ò lè pọ̀ sí i mọ́, àwọn tó ń wá a ò sì dín kù.

Òfin yẹn náà ló máa dè yín lọ́wọ́. Kí ẹ tó pààrọ̀ fèrèsé iwájú, ẹ máa gbàṣẹ lọ́wọ́ Landmarks Preservation Commission, àjọ ìlú tó ń dáàbò bo àwọn ilé àtijọ́. Inú ilé ò fi bẹ́ẹ̀ kàn wọ́n. Èyí tí mo máa ń tẹnu mọ́ ni pé, tí ẹni tó ń tà á bá ti ṣàtúnṣe láìgbàṣẹ, ọ̀ràn náà ń bá ilé lọ ni. Ẹ̀yin lẹ máa jogún rẹ̀. Kí agbẹjọ́rò yín yẹ àkọsílẹ̀ àjọ náà wò kí ẹ tó fọwọ́ síwèé.

Ẹ ṣọ́ra fún òkúta brownstone náà. Ó rọ̀, omi á wọ inú rẹ̀, á dì nígbà òtútù, ojú rẹ̀ á sì máa bó ní ìpele ìpele. Tí ẹ bá rí ọ̀dà tuntun lójú òkúta, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì mú ẹnjiníà tó mọ ilé àtijọ́ lọ.