Èsì: Ṣé kí ẹni tó ti gba owó básíkẹ́ẹ̀tì tún padà wá gbá a ní yunifásítì?
Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè yín yìí ò ṣeé fi bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́ dáhùn o. Ẹ wo James Nnaji, ọmọ Naija wa tí wọ́n bí ní Makurdi, ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì Barcelona ní Spain ló ti ń jẹun, Detroit Pistons mú un ní nọ́ńbà 31 nínú dráftì 2023, ìyẹn ètò táwọn ẹgbẹ́ NBA, líìgì básíkẹ́ẹ̀tì ńlá Amẹ́ríkà, fi ń yan àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù, àmọ́ kò gbá géèmù NBA kankan rí, ìparí 2025 ni NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, wá gbà kó máa gbá fún Yunifásítì Baylor, ni ariwo bá ta. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló ṣẹ̀ gan-an? Ṣebí láti 2025 ni àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà fúnra wọn ti ń sanwó fáwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún wọn.

Ti Charles Bediako lèmi ò gbà. Ó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ kúrò ní Yunifásítì Alabama ní 2023, ó fọwọ́ síwèé pẹ̀lú Spurs, ẹgbẹ́ NBA, ló bá tún gba kóòtù padà wọ ẹgbẹ́ Alabama ní January 2026, géndé ọmọ ọdún 23, ẹ jọ̀ọ́, kó wá máa du àyè mọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ́kọ́ńdìrì! Adájọ́ padà sọ pé rárá, inú mi sì dùn sí i.